Ọ́ìlì Tuntun Ti Dúdú Láàárín Ọjọ́ Mẹ́ta: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Èyí Tó Léwu

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sáfíìsì ọkọ̀ tán. Ojú yín ni wọ́n ṣe da ọ́ìlì tuntun sí i, ó mọ́, ó ń dán. Ọjọ́ mẹ́ta kò tíì pé, ẹ fa gééjì yọ, ẹ rí i pé ó ti dúdú. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn l'Ékòó ni pé mẹkáníìkì ti lu àwọn ní jìbìtì, tàbí pé gbàrọgùdù ni ọ́ìlì ọ̀hún. Wọ́n á sáré lọ ra gálọ́ọ̀nù mìíràn, wọ́n á da èyí tí kò ṣe nǹkan kan nù. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, owó táwọn èèyàn ń fi ṣòfò báyìí sì máa ń dùn mí gan-an, pàápàá nísinsìnyí tí ọ́ìlì gidi ti wọ́n gógó. Ó tún máa ń dùn mí bí ẹlòmíràn bá rí ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ lóòótọ́, tó ní "ṣebí gbogbo ọ́ìlì ló ń dúdú," tó sì ń wa ọkọ̀ náà lọ títí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kù.

Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi dájọ́. Ẹ ó lo imú, ẹ ó lo ìka, ẹ ó lo bébà funfun kan, ẹ ó sì ka iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń pa ọ́ìlì láró

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í ṣe epo lásán. Wọ́n po àwọn èròjà kan mọ́ ọn: ọ̀kan ń bọ́ ìdọ̀tí kúrò lára irin, òmíràn ń di èérí náà mú kó má lè ṣù pọ̀ sójú kan. Nígbà tí epo bá ń jó lókè písítìnnì, díẹ̀ lára èéfín rẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì tó yí písítìnnì ká yọ́ sísàlẹ̀, á bọ́ sínú ọ́ìlì. Èérí èéfín yìí kéré débi pé ó ń gba inú bébà fílítà kọjá, fílítà kò lè dá a dúró. Inú ọ́ìlì ló máa wà títí dọjọ́ tí ẹ máa tú u dà. Bí ẹ bá fi ọṣẹ fọ aṣọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, tí omi rẹ̀ dúdú, ẹ ò ní sọ pé ọṣẹ yẹn kò dáa. Ìdọ̀tí tó wà lára aṣọ ló ti bọ́ sínú omi. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ọ́ìlì rí. Ooru ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ń sọ ọ́ di búráùn, kódà bí èérí kò bá pọ̀.

Àwọn tó ti yí ọkọ̀ wọn sí CNG á ti ṣàkíyèsí pé ọ́ìlì wọn ń pẹ́ kó tó dúdú. Gáàsì kì í mú èérí wá tó bẹntiróòlù.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wò ó lọ́jọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ gan-an

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo gééjì títí ọjọ́ mélòó kan á fi kọjá, nítorí náà wọn kì í mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ pa á, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí ọ́ìlì lè ṣàn padà sísàlẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà. Ẹ fa gééjì yọ, ẹ fi àkísà funfun nù ún, ẹ tì í wọlé dé ìdí, ẹ tún fà á yọ. Ẹ fi orí rẹ̀ kan tíṣù funfun, kí ẹ wo àwọ̀ ibẹ̀, nítorí pé lára irin gééjì fúnra rẹ̀, ọ́ìlì máa ń dà bíi pé ó dúdú ju bó ṣe rí lọ.

Bó bá ti di búráùn níbẹ̀ yẹn, láìtíì rin ìrìn kankan, ọ́ìlì àtijọ́ tó ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì ló pò mọ́ tuntun. Kò sí bí ẹ ṣe máa tú ọ́ìlì tó máa tán pátápátá. Ó máa ń kù sínú ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà, sínú pọ́ọ̀nbù, àti sórí ẹ́ńjìnnì lókè lọ́hùn-ún. Fílítà náà ń mú tirẹ̀ pamọ́. Ẹ wo Toyota Corolla oní-1.8 ti 2009: lítà 4.2 ló ń gbà bí ẹ bá pààrọ̀ fílítà, 3.9 bí ẹ kò bá pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó fi fílítà àtijọ́ sílẹ̀ láti fi tọ́jú owó ti fi nǹkan bíi lítà 0.3 ọ́ìlì dúdú kún tuntun kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti tó láti pa àwọ̀ ìyókù dà.

Ìgbésẹ̀ kejì: irú ẹ́ńjìnnì wo ni tiyín?

Bó bá jẹ́ oní-dísẹ́ẹ̀lì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Èérí èéfín dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ débi pé ọ́ìlì rẹ̀ lè dúdú kirikiri lọ́jọ́ tí wọ́n dà á sí i. Àwọn tó ń wa tírélà lọ sí Apápá mọ èyí dáadáa, wọn kì í bi mí.

Ní ti bẹntiróòlù, àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń fín epo tààrà sínú sìlíńdà, àti àwọn tó ní tọ́bò, máa ń pa ọ́ìlì láró ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tókunbọ̀ tó ti rìn jìnnà, tí ríìngì rẹ̀ ti jẹ, á ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá mọ ìtàn ọkọ̀ kó tó dé Ékòó, tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ìdọ̀tí á ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ọ́ìlì gidi tí ẹ bá dà sí i á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìdọ̀tí ọ̀hún, á sì dúdú kíákíá. Èyí tó ń dúdú jù nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: imú, ìka, bébà

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń rùn bíi bẹntiróòlù ní epo nínú. Pọ́lọ́ọ̀gì kan tí kò jó dáadáa tàbí nọ́sù tó ń jò ló sábà máa ń fà á. Èyí tó ń rùn bíi nǹkan tó jóná ti rí ooru tó pọ̀ jù, àgàgà bí ọkọ̀ bá ti ófàhíìtì rí.

Ẹ fi í sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ẹ rọra fi wọ́n ra ara wọn. Ó yẹ kó yọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá mọ iyanrìn wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, tàbí tí ẹ rí irin tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí nígbà tí ẹ gbé e sínú oòrùn, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́ títí ẹni tó mọṣẹ́ á fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí bíárìn ti máa jẹ.

Ti bébà ni mo fẹ́ràn jù, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ wá bébà funfun tó nípọn díẹ̀, tí kò dán, tó ń fa omi mu. Ẹ tẹ́ ẹ lé ẹnu ife kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má kan nǹkan kan. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo kán láti orí gééjì sí àárín rẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn kò ní gbé e lọ, ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó rí i tó ti tàn ká. Bí àárín bá dúdú, tí dúdú ọ̀hún rọra ń ṣí bó ṣe ń lọ sétí, láìsí ààlà kan gbòógì, èròjà tó ń gbé èérí kiri ṣì lágbára. Ẹ máa lo ọ́ìlì yín lọ, bó ti wù kó dúdú tó. Ṣùgbọ́n bí dúdú bá ṣù jọ sójú kan láàárín, tí etí rẹ̀ mú, tí òrùka tó yí i ká sì mọ́, ọ́ìlì náà kò lè gbé èérí mọ́, ó ti ń jù ú sílẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìjáfara. Òrùka fífẹ̀ tó ṣí, tó jìnnà sí àárín, máa ń jẹ́ àmì pé epo tí ọkọ̀ ń jó ti wọ inú ọ́ìlì. Etí tó rí ṣákaṣàka lè jẹ́ omi.

Omi ló léwu jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ́ìlì tí omi wọ̀ kì í dúdú, ńṣe ló máa ń ṣí, á ki, á funfun mọ́ búráùn. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ lórí gééjì, tí omi ràdíétọ̀ sì ń dín kù láìjò sílẹ̀, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà mọ́. Ó lè jẹ́ pé tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti jó. Ẹ tún máa ṣọ́ ibi tí ọ́ìlì dé lórí gééjì: ọ́ìlì kì í pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Bó bá ń gòkè, epo tàbí omi ń wọ inú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ohun tó ń mú un yára

Èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wá rárá. Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Balógun, tó ń ti Gbàgádà gba Afárá Third Mainland lọ sọ́jà, wá bá mi pẹ̀lú ìbínú.

"Ọ́ìlì tó o dà sí i lọ́jọ́ Sátidé, ó ti dúdú. Ṣé kì í ṣe gbàrọgùdù lo tà fún mi báyìí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Mo jókòó síwájú ọkọ̀, mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti Gbàgádà tí wọ́n ti ń bọ̀, abẹ́rẹ́ ooru kò tíì gòkè dé àárín. Mo tú ibi tí tẹ́mósítáàtì ń wà, ó ṣófo. Ẹnì kan ti yọ ọ́ sọnù tipẹ́, bóyá nítorí pé ọkọ̀ náà ti ófàhíìtì nígbà kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ékòó nìyẹn, ó sì ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Tẹ́mósítáàtì ló ń dí omi lọ́nà títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Ti ọ̀pọ̀ Toyota ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná dé ibi tó yẹ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé òwúrọ̀ kùtù ni ṣáá, á máa fún un lépo tó pọ̀ jù. Epo tí kò jó tán á di èérí, òmíràn á ṣàn lára sìlíńdà bọ́ sínú ọ́ìlì. Ọ̀rinrin tó yẹ kí ooru lé jáde náà á jókòó síbẹ̀. Epo ń ṣòfò, ọ́ìlì ń bàjẹ́, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ń dá ẹni tó ta ọ́ìlì lẹ́bi.

A ra tẹ́mósítáàtì tuntun fún Màmá. Kí n tó fi sí i, mo so okùn mọ́ ọn, mo gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìdí ìkòkò. Ó dì pa títí omi fi gbóná gidi, kó tó rọra la ẹnu. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ dán tiyín wò. Èyí tó bá la ẹnu nínú omi tútù, tàbí tí kò là rárá nígbà tí omi ń hó, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ọ́ìlì Màmá ṣì ń dúdú, ṣùgbọ́n kì í yá tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, epo tí wọ́n ń rà sì dín kù.

Lẹ́yìn tẹ́mósítáàtì, ẹ yẹ fílítà atẹ́gùn wò (eruku ọ̀nà wa kò kéré), ẹ wo pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ wo fáàfù PCV tó ń fa èéfín jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Bí fáàfù yìí bá dí, èéfín á há sínú, ọ́ìlì á sì máa gba gbogbo rẹ̀ sára. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í hàn nínú kìlómítà

Ọkọ̀ tó dúró láàárín Ojúẹlẹ́gbá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn kò rin kìlómítà kankan, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ford tilẹ̀ ṣírò fún àwọn ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kan pé wákàtí kan tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró dà bí ìrìn máìlì 33, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 53. Ẹ fi ìyẹn wo ẹni tó ń lo wákàtí méjì lójúmọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Kétu dé Erékùṣù, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀: kìlómítà 530 ló ń gorí ọ́ìlì rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan láìhàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Lójú tèmi, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de kìlómítà 10,000 tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù. Kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́rin, èyí tó bá kọ́kọ́ pé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ má tú ọ́ìlì tó tutù. Ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí èérí lè rú sókè, kí ọ́ìlì sì lè ṣàn. Ẹ ṣọ́ra, torí ó máa gbóná. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lókè, kí ẹ tó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ (14 ni ti ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry). Ibi tí kánjúkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí: ọmọ iṣẹ́ á rí i pé kò ṣàn gọ̀ọ́gọ̀ọ́ mọ́, á ti dé e. Ẹ ní kó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, títí ẹ̀kán kan á fi máa pẹ́ kó tó tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́ṣà nọ́ọ̀tì náà, ẹ lo tuntun.

Tí ẹ bá tú fílítà, ẹ wò ó bóyá rọ́bà ẹnu rẹ̀ tẹ̀ lé e jáde. Bó bá lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí ẹ sì de tuntun lé e lórí, gbogbo ọ́ìlì lè tú dà lójú ọ̀nà. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa rọ́bà tuntun, ẹ fi ọwọ́ de fílítà títí á fi kàn, kí ẹ wá fún un ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan sí i. Sípánà kò sí níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí wọ́n fi dísẹ́ẹ̀lì tàbí kẹrosíìnì fọ inú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fẹ́lẹ́ jù, wọn kò lè dáàbò bo irin. Díẹ̀ á kù síbẹ̀ tí á máa fọ́ ọ́ìlì tuntun, ìdọ̀tí tí wọ́n bá sì ṣí lójijì lè lọ dí asẹ́ tí pọ́ọ̀nbù fi ń fa ọ́ìlì. Bí inú ẹ́ńjìnnì bá dọ̀tí, ọ́ìlì gidi àti fílítà tuntun ni kí ẹ lò, kí ẹ tún pààrọ̀ méjèèjì ní bíi kìlómítà 2,000, lẹ́ẹ̀kan sí i bó bá yẹ. Ìfọ̀ tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ kì í pa ẹ́ńjìnnì.

Rírà rẹ̀

Ọ́ìlì tó dúdú kò fi hàn pé ayédèrú ni, èyí tó mọ́ gaara kò sì fi hàn pé ojúlówó ni. Àwọn kan ń sẹ́ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n ti lò rí, títí á fi mọ́, wọ́n á dà á sínú gálọ́ọ̀nù olórúkọ. Ní ọjà Ládípọ̀ tàbí níbikíbi, ẹ wo ìdè ẹnu gálọ́ọ̀nù, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ bóyá ó ń pa rẹ́ tí ẹ bá fi ìka ra á, ẹ sì sá fún iye tó fi púpọ̀púpọ̀ dín sí ti àwọn yòókù. Tí ẹ bá lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ lu gálọ́ọ̀nù náà kí ẹnikẹ́ni má lè rọ nǹkan sínú rẹ̀ mọ́.

Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ pè fún 5W-30, ẹ má fún un ní 20W-50 tó ki jù ú lọ nítorí pé ẹnì kan ní ìlú wa gbóná. Ihò tí VVT-i (ohun tó ń yí àsìkò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì Toyota ń ṣí padà) ń lò láti fi gba ọ́ìlì kéré, èyí tó ki kì í tètè dé ibẹ̀. Lẹ́tà API tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù, tó ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì wà fún, pẹ̀lú ṣe pàtàkì: SN tàbí SP fún bẹntiróòlù, CI-4 tàbí CK-4 fún dísẹ́ẹ̀lì.

Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù yín

Ẹ má dà á sí gọ́tà. Inú ọ̀sà ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń pẹja fún wa jẹ. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn tó ń rà á máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lára yín, kò dára fún awọ ara. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù.

Jẹnẹrétọ̀

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo bẹntiróòlù lásán, irú èyí tó wà lẹ́yìn ilé gbogbo wa, kò ní fílítà ọ́ìlì rárá, ọ́ìlì tó ń gbà kò sì ju nǹkan bíi lítà 0.6 lọ. Bí ọ́ìlì náà ṣe kéré ló jẹ́ kó máa dúdú ju ti ọkọ̀ lọ, kò sì sí bébà kankan tó máa gba irin wẹ́wẹ́ mú nínú rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ tuntun, ẹ tú ọ́ìlì àkọ́kọ́ dànù lẹ́yìn wákàtí 20. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo wákàtí 100. Ẹni tó ń tan tirẹ̀ fún wákàtí márùn-ún lálaalẹ́ á pé 100 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà ẹ fi máákà kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sára táǹkì, níbi tí ẹni tó ń tàn án á ti máa rí i.